Ọkùnrin tí Àdúrà Rẹ̀ Kì Í Jẹ́ Kí Iyán Tutù

Ní ìlú tiwa, kò sí ohun tó lè bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan kọ́kọ́ gbàdúrà sí i. Ìpàdé ẹgbẹ́ onílé, ìpàdé àwọn tó ń lẹ táyà, ìpàdé ẹbí lórí ẹni tó ta ilẹ̀ ẹbí, àdúrà la fi ń ṣí gbogbo wọn. Ọ̀nà tó ti Adó lọ sí Ìjàn kò jìnnà, síbẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti gbéra, ẹnìkan á ké láàárín èrò, á fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á bo ẹ́ńjìnì, á bo gíláàsì, kò sì ní bá dẹ́rẹ́bà sọ ọ́ pé kó rọra sáré. Mi ò sọ pé kò dára. Bó ṣe rí ni mo ń sọ.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ kì í fẹ́ mọ sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a bá ní kó ṣí ìpàdé lórí gọ́tà yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ pé a jí. Lẹ́yìn náà yóò gbàdúrà fún Ààrẹ, fún gómìnà, fún Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè, fún àwọn tó wà lójú ọ̀nà, fún àwọn tó ń wáṣẹ́ àti àwọn tó ti ríṣẹ́ tí iṣẹ́ náà ò rí wọn, títí yóò fi kan ọ̀tá. Bó bá ti kan ọ̀tá, kí oníkálukú fìdí mọ́ àga dáadáa. Ọ̀tá pọ̀ ní ìlú wa. Mi ò tíì pàdé ẹnìkan rí tó gbà pé òun ni ọ̀tá ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò ní tirẹ̀.

Àwa ará àdúgbò Òkè-Ìlá, ní Adó, rí oògùn àìsàn yìí. Orúkọ oògùn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè, Bàbá Tèmídayọ̀.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó sì máa ń lọ aṣọ, títí kan èyí tó fi ń sùn. Bí a bá ti ní, “Bàbá Tèmídayọ̀, ẹ bá wa fi àdúrà ṣí i,” á dìde, á ṣí fìlà, á gbé e lé àyà, á dijú.

“Olúwa, a dúpẹ́ pé a pé jọ. Má jẹ́ ká sọ ohun tí a ó kábàámọ̀. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa.”

A ó ṣe àmín, òun á dé fìlà padà. Àwọn tó ṣì ń wá ibi tí eruku ò sí kí wọ́n tó kúnlẹ̀ á bá wa lórí ìjókòó.

Kí á tó mọ iyì rẹ̀, ojú wa ti rí nǹkan. Ìgbà kan wà tí ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àdúgbò wa jó. A bẹ àwọn oníná títí, a rán àgbà, a rán ọ̀dọ́, kí wọ́n tó gbà láti wá bá wa ṣèpàdé. Ajíhìnrere Ọlálérè, tó dá ìjọ kékeré kan sílẹ̀ lókè ilé tí wọ́n ti ń ta símẹ́ńtì, la ní kó ṣí ìpàdé. Ajíhìnrere gbàdúrà. Ó bá òkùnkùn wí, ó pàṣẹ fún un, ó lé e láti ojúlé dé ojúlé, àwa náà sì ń ṣe àmín tọkàntọkàn, nítorí òkùnkùn ti sú wa. Nígbà tí a lajú, àwọn oníná ti lọ. Òkùnkùn náà wà lọ́dọ̀ wa títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà la pinnu, láìsí ẹni tó dìbò, pé Bàbá Tèmídayọ̀ ni yóò máa ṣí ìpàdé wa.

Kì í ṣe àìgbàgbọ́ ló gé àdúrà rẹ̀ kúrú. Bàbá tó bí i jẹ́ bàbá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Ańgílíkà, ẹni tó jẹ́ pé bó bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ á sùn, wọ́n á jí, wọ́n á tún sùn. Iyán á wà lórí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí fún ẹni tí kì í ṣe ará Èkìtì. Ẹni tó bá gbá wa létí, a lè dárí jì í kó tó di ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá jẹ́ kí iyán tutù mọ́ wa lójú, ọ̀rọ̀ náà á di ọ̀rọ̀ ìdílé. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń pa á lówe pé iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe náà kì í ṣe ará ibí. Bámgbóyè kékeré á la ojú kan nínú àdúrà, á máa wo bí ooru ṣe ń fi iyán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀mí ṣe ń fi ara arúgbó sílẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá dàgbà, òun ò ní fi Ọlọ́run dá ẹnikẹ́ni dúró nídìí oúnjẹ.

Ó dàgbà, ó wọ iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ ìjọba sì parí ohun tí iyán bẹ̀rẹ̀. Lọ́fíìsì wọn, ọ̀rọ̀ gígùn jẹ́ ti ọmọ abẹ́. Akọ̀wé kékeré á kọ̀wé kún ojú ewé láti fi tọrọ àga kan ṣoṣo. Ọ̀gá rẹ̀ á kọ ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá pátápátá á kàn kọ “Ẹ ṣe é,” á tọwọ́ bọ̀ ọ́, àga á sì dé. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe kúrú tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Àárín irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Tèmídayọ̀ ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọlá tó ga jù tí èèyàn lè bù fún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni kó fọwọ́ sí i láìfi nǹkan kan kún un.

Ìlú ò mọ gbogbo èyí. Ohun tí ìlú mọ̀ ni pé bí òjò bá ṣú níbi ìsìnkú, bí ọmọ ìsọmọlórúkọ bá ń ké, bí oúnjẹ bá ti délẹ̀, ẹ wá Bàbá Tèmídayọ̀ lọ. Àwọn alásè kì í kí i bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn yòókù. Wọ́n á kúnlẹ̀ dáadáa, wọ́n á bu ẹran tó dá yàtọ̀ sínú àwo rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ń lọ títí Tèmídayọ̀ fi mú ọkọ wálé.

Tèmídayọ̀ nìkan ló bí. Tíṣà ni ọmọbìnrin náà ní ilé ìwé girama kan, ó jọ ìyá rẹ̀ lójú, ó jọ bàbá rẹ̀ lẹ́nu: kì í sọ̀rọ̀ tó bá pọ̀. Ọkùnrin tó mú wálé ń jẹ́ Olúwarótìmí Adéyẹyè, ọmọ Ìgèdè, tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé àyẹ̀wò kan nílùú Adó. Ọmọ tó mọ̀wà hù ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Tèmídayọ̀ tó fi jẹ́ pé bọ́tìnnì rẹ̀ kan ilẹ̀, kò sì yára dìde. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kò sọ ọ́. Kí ló fẹ́ sọ? Ó ní kí wọ́n bu iyán kún tirẹ̀.

Ìyá Rótìmí lọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Epo pupa ló ń tà ní Ìgèdè, ọkọ rẹ̀ sì ń gbin iṣu. Aládùúrà ni wọ́n, Ìyá Àdúrà ni oyè rẹ̀ nínú ìjọ wọn, kì í sì í ṣe oyè ẹnu lásán. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní bó bá gbàdúrà, òjò á rọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa ní òjò náà á tún dá kó tó parí. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Adéyẹyè, jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tó ti fi ọ̀rọ̀ sísọ sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ látọjọ́ ìgbéyàwó wọn.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé. Àwọn ará Ìgèdè wọlé wá sí Òkè-Ìlá, wọ́n múra dáadáa, wọ́n gbé èso dání. Adéfúnkẹ́, àbúrò Ìyá Tèmídayọ̀, ló ṣe alárinà, òun ló sì ròyìn gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí fún mi. Adéfúnkẹ́ kì í dín ọ̀rọ̀ kù, ṣùgbọ́n kì í fi kún un títí dé ibi tí ẹ̀rù á fi bani. Ó ní wọ́n ti gún iyán tán kí àlejò tó jókòó, wọ́n ti kó o sínú kúlà, ẹran ìgbẹ́ ń ta sánsán nínú ẹ̀fọ́.

Ìyá Rótìmí gbàdúrà ní orúkọ àwọn àlejò. Ó pe áńgẹ́lì lórúkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ka Sáàmù láti orí, ó lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e, ó padà sí ti àkọ́kọ́. Ó tọrọ ọmọ fún tọkọtaya náà, ó tọrọ ilé, ó tọrọ ẹ̀mí gígùn, ó dáàbò bo ẹsẹ̀ wọn lọ́wọ́ òkúta. Òógùn bo ojú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé obìnrin náà kì í ṣeré, ó ń fi ara ṣiṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀ bí ìgbà tó ń fún epo.

Nígbà tó parí, wọ́n ní kí bàbá ìyàwó náà súre fún àwọn ọmọ. Tèmídayọ̀ àti Rótìmí kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Bàbá ṣí fìlà. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Ìyá Rótìmí tó ń nu òógùn, ó wo kúlà. Ó dijú.

“Olúwa, O gbọ́ gbogbo ohun tí Màmá wí. Ṣe é. Ní orúkọ Jésù.”

Ó dé fìlà. Inú rẹ̀ dùn. Nínú gbogbo àdúrà tó ti gbà láyé, kò sí èyí tó fi ọ̀wọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀. Ó ti gba iṣẹ́ obìnrin náà lódindi, ó ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ti fi ránṣẹ́ sókè láìyọ ìlà kan kúrò nínú rẹ̀.

Àmín àwọn ará Ìgèdè tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ méjèèjì ò dìde, nítorí wọn ò mọ̀ pé ó ti tán. Ìyá Rótìmí ṣì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ń dúró de ìyókù. Adéfúnkẹ́ ní òun rí i bó ṣe la ojú, tó wo ọwọ́ rẹ̀, tó sì rọra pa á dé bí ẹni tí wọ́n wọn nǹkan fún tí kò kún.

Wọ́n jẹun. Iyán gbóná. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìgèdè ń bu òkèlè bí ẹni ń tọ́ oògùn wò, ẹran ìgbẹ́ sì ṣẹ́ kù nínú àwo. Nígbà tí wọ́n máa lọ, Ìyá Rótìmí dúpẹ́ nínú yàrá, ó dúpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó tún dúpẹ́ nígbà tó ti wọ inú ọkọ̀. Nílẹ̀ wa, àlejò tó bá dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan ti jẹun. Èyí tó bá dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ti yó. Èyí tó bá dúpẹ́ títí dé inú ọkọ̀ ń bínú.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi dé láti Ìgèdè. Adéfúnkẹ́ ló jẹ́ ẹ. Wọ́n ní àwọn ò sọ pé rárá o. Wọ́n ní kí á jẹ́ kí àwọn fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà sínú àdúrà ná.

Ẹni tó bá mọ ìwà wa mọ̀ pé “a ó fi sínú àdúrà” ni ìtẹ́ òkú tó mọ́ jù tí a ní. Ibẹ̀ la ń sin ohun tí a ò fẹ́ kọ̀ lójúkojú sí. Ẹni tó bá wá tọrọ ilẹ̀, ẹni tó bá wá yá ọkọ̀, ẹni tó ní kí á wá jẹ́ akápò ẹgbẹ́, inú àdúrà la ń fi gbogbo wọn sí, mi ò sì tíì gbọ́ pé ọ̀kan jáde padà.

Ìyá Tèmídayọ̀ ní kí àbúrò òun sọ ojú abẹ níkòó. Adéfúnkẹ́ wá sọ ọ́. Ìyá Rótìmí ní Bàbá Tèmídayọ̀ ò pe orúkọ ọmọ òun nínú àdúrà. Kò tọrọ ọmọ, kò tọrọ ẹ̀mí gígùn. Ó ní òun mọ̀ pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ńlá máa ń wo àwọn aláṣọ funfun bí ọmọ tó ń pariwo lójúde, ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ pé wọ́n á gbé ìwà náà dé orí ìkúnlẹ̀ ọmọ. Ó ní ọkùnrin tí ò lè gbàdúrà fún ọmọ tó bí, yálà kò fẹ́ kó lọ, tàbí ó mọ nǹkan kan nípa ọmọ náà tí kò sọ.

Bàbá Tèmídayọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Ṣùgbọ́n mo fọwọ́ sí i.”

Tèmídayọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń ṣa ìrẹsì. Kò sunkún. Ó ti ń ṣa ìrẹsì náà fún ìgbà pípẹ́, òkúta ti tán nínú rẹ̀.

“Bàbá mi,” ló wí, “mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi. Wọn ò mọ̀. Ẹ fi mí fọ́kọ bí ẹni ń tọwọ́ bọ fáìlì.”

Ó gbé ìrẹsì wọlé. Bàbá ò jẹun lọ́jọ́ náà, ìyẹn sì ba ìyàwó rẹ̀ lẹ́rù ju gbogbo ohun tí Ìgèdè sọ lọ.

Wọ́n pinnu pé wọ́n á lọ sí Ìgèdè, kí Bàbá lọ gbàdúrà tó gùn. Ìyá Tèmídayọ̀ ò gbà kí wọ́n mú Ajíhìnrere Ọlálérè lọ gbà á fún un. Ó ní ẹnu àyálò ò lè fa ọmọ fọ́kọ. Ṣùgbọ́n ó gbà pé kí Ajíhìnrere wá kọ́ ọkọ òun.

Ajíhìnrere wá pẹ̀lú ayọ̀ ńlá. Látìgbà ọ̀rọ̀ àwọn oníná ni wọn kò ti pè é sí nǹkan kan ní àdúgbò. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n dúró sí. Ó ní àdúrà gígùn kì í ṣe iṣẹ́ agbára, ọgbọ́n ni. Kí Bàbá kọ́kọ́ ki Ọlọ́run dáadáa, kó má kánjú. Ohun tó bá tọrọ, kó tọrọ rẹ̀ láàárọ̀, kó tọrọ rẹ̀ lọ́sàn-án, kó tọrọ rẹ̀ lálẹ́. Ohun kan ti di mẹ́ta nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀, kó máa pe “Bàbá, Bàbá, Bàbá,” títí òmíràn á fi dé.

Bàbá gbìyànjú. Ó ki Ọlọ́run, ó tọrọ ìbùkún láàárọ̀, ó tọrọ rẹ̀ lọ́sàn-án, nígbà tó kan alẹ́, ó la ojú, ó ní ṣé èyí tí òun ti tọrọ láàárọ̀ ò ní tó títí di alẹ́ ni. Ajíhìnrere ní kó má bi ìbéèrè. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ilé kejì gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìnkùlé tó ń pe “Bàbá, Bàbá, Bàbá,” wọ́n rò pé àìsàn ló dé sí i, wọ́n sì gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgèdè: Bàbá, Ìyá Tèmídayọ̀, Adéfúnkẹ́, àti Tèmídayọ̀ fúnra rẹ̀, tó ní òun á lọ bá wọn gúnyán. Ẹnìkan gbàdúrà nínú ọkọ̀. Bàbá Tèmídayọ̀ tẹ́tí sí i bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ ṣe ìdánwò.

Ìyá Rótìmí gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fún wọn lómi, ó fún wọn ní àga tó ní tìmùtìmù, ó bi wọ́n léèrè ilé, ó bi wọ́n léèrè ọ̀nà, ó tún bi wọ́n léèrè ilé. Ẹ̀rù ba Adéfúnkẹ́. Nígbà tí iyán dé, tí wọ́n gbé e kalẹ̀ tí èéfín ń rú lórí rẹ̀, Ìyá Rótìmí yí ojú sí Bàbá Tèmídayọ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro.

“Bàbá wa,” ló wí, “ẹ bá wa gbàdúrà.”

Bàbá dìde, ó ṣí fìlà, ó dijú. Ó ki Ọlọ́run bí Ajíhìnrere ṣe kọ́ ọ. Ó pè é ní Alágbára, ó pè é ní Kìnnìún, ó pè é ní Àpáta, nígbà tí oríkì tán, ó bá ara rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni tí ò mọ ibi tí àdúrà ń lọ máa ń bá ara rẹ̀: ó gbàdúrà fún Ààrẹ. Ó gbàdúrà fún gómìnà. Ó gbàdúrà fún àwọn tó ń ṣe títì. Ó pe “Bàbá, Bàbá,” ó dákẹ́.

Adéfúnkẹ́ la ojú kan, ó rí i pé Ìyá Rótìmí náà ti la ọ̀kan. Tèmídayọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ odó, ó wolẹ̀.

“Olúwa,” ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà sí èyí tó fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nílé, “mi ò mọ èyí ṣe. O mọ̀. Nígbà tí gìrì mú Tèmídayọ̀ lọ́mọdé, epo ọkọ̀ ti wọ́n nílùú. Mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, èmi ọkùnrin, mo sáré lọ sílé ìwòsàn. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ ju ‘Olúwa, jọ̀ọ́’ lọ. O sì gbọ́. Látìgbà náà lojú ti ń tì mí láti máa tún ọ̀rọ̀ sọ fún Ọ, bí ẹni pé O ò gbọ́ ti àkọ́kọ́.”

Ìyá Tèmídayọ̀ fi etí gèlè bojú. Ó mọ̀ nípa gìrì náà, kò mọ ìyókù.

“Ọmọ tí mo pọ̀n lọ́jọ́ náà nìyí. Olúwarótìmí ló fẹ́ gbà á lẹ́yìn mi. Olúwarótìmí, ọmọ Adéyẹyè, ọmọ Ìgèdè. Mo fẹ́ràn ọmọ náà, Olúwa, mi ò sọ fún un. Ìyá rẹ̀ ti tọrọ gbogbo ohun tó yẹ ká tọrọ, ó sì tọrọ rẹ̀ dáadáa jù mí lọ. Ìdí tí mo fi ní kí O ṣe é nìyẹn.”

Ìyá Rótìmí ṣe àmín. Adéfúnkẹ́ ní àmín náà ti abẹ́ ikùn wá.

Ìbá dára ká ní ibẹ̀ ni Bàbá dúró sí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún ọdún gbọọrọ, bó bá ṣí, pípadé rẹ̀ kì í rọrùn. Ó gbàdúrà fún ọwọ́ Rótìmí tó fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí abẹ́rẹ́ má gún un. Ó gbàdúrà fún orúnkún Ìyá Rótìmí tó fi ń kúnlẹ̀ fún gbogbo ayé. Ó gbàdúrà fún iṣu Bàbá Adéyẹyè, kí ọ̀bọ má mọ ojú oko. Ó rántí pé Tèmídayọ̀ kì í tètè jí, ó bẹ Ọlọ́run kó fún ọkọ rẹ̀ ní sùúrù láàárọ̀. Ó rántí pé ìrẹsì rẹ̀ máa ń jóná, ó fi ìyẹn náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó kan àwọn ọmọ tí wọ́n máa bí, ó kan ilé ìwé wọn, ó kan ẹni tí àwọn náà máa fẹ́. Ẹsẹ̀ ń yí padà nílẹ̀. Àmín kọ́kọ́ nípọn, ó wá ń fẹ́lẹ́. Èéfín orí iyán ti di ẹyọ kan, ó wá dàwátì.

Ìyá Rótìmí fara dà á títí. Ẹni tó ń ra ọjà tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló jọ, ó sì ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ bí ọjà náà ṣe wúwo tó. Níkẹyìn, ó fọwọ́ kan apá àlejò rẹ̀.

“Bàbá Tèmídayọ̀, ó tó bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Ọlọ́run ò dití. Uyán ń tutù.”

Bàbá la ojú. Ó ní òun ò tíì kan àwọn àbúrò Rótìmí. Obìnrin náà ní àwọn àbúrò Rótìmí á ṣe ìgbéyàwó tiwọn náà, kó tọ́jú tiwọn di ìgbà yẹn, àbí kì í ṣe Bàbá náà ni yóò wá súre fún wọn. Gbogbo ilé gbọ́ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Rótìmí gbọ́, ó dọ̀bálẹ̀ síbi tó wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da ọbẹ̀ nù.

Ó ku àdúrà oúnjẹ. Ìyá Rótìmí ló gbà á. Ó tẹ́ ọwọ́, ó dijú, gbogbo wọn sì fara balẹ̀ de àwọn áńgẹ́lì.

“Olúwa,” ló wí, “O gbọ́ gbogbo ohun tí Bàbá wí. Ṣe é.”

Àmín tó jáde nínú ilé náà, Adéfúnkẹ́ ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní Ìgèdè. Ohùn ẹnìkan ló sì borí níbẹ̀, ohùn tí wọn ò gbọ́ láti àárọ̀, ti Bàbá Adéyẹyè. Ó ti jókòó ti àwo kó tó ṣe é tán. “Èyí dáa,” ló wí, kò sì sọ nǹkan míì mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Iyán ti tutù. Ó ti le lẹ́yìn, ó ti ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, irú iyán tí ọkùnrin kan láti Adó lè rí kó béèrè ẹni tí òun ṣẹ̀. Bàbá Tèmídayọ̀ fọwọ́, ó bu òkèlè, ó gbé e mì. Ó bu òmíràn. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kan, kò gba ohun tí ojú rẹ̀ rí gbọ́. Ó jẹ ẹ́ dé ìdí àwo, ó lá ìka, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n bu díẹ̀ kún un.

Tèmídayọ̀ tẹ̀ sí etí Rótìmí.

“Wò ó dáadáa,” ló wí. “Kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.”